Eré Ìje Gbogboògbò àti Àwọn Tí Kì í Bá Wọn Sá a: Owódé Onírin gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Eré ìje gbogboògbò ni eré ojú títì tí ẹni tó ń wá owó ẹ̀bùn àti ẹni tó kàn ń wá ìdárayá jọ ń sá lọ́jọ́ kan náà, lójú ọ̀nà kan náà. Èyí tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni Access Bank Lagos City Marathon, eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016, nígbà tí Akínwùnmí Aḿbọ̀dé jẹ́ gómìnà Èkó. Kìlómítà 42.195 ni gígùn rẹ̀. Láti pápá ìṣeré ńlá Súrùlérè ni wọ́n ti máa ń gbéra, wọ́n á gba orí afárá Third Mainland, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic létí òkun. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gba ipò kìíní lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ó sì gba $50,000. Ibòmíràn náà ń ṣe tirẹ̀: iléeṣẹ́ rédíò Splash FM ń ṣètò eré ní Ìbàdàn, eré kìlómítà 10 sì ti ń wáyé ní Okpekpe, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, láti ọdún 2013.

Owódé Onírin kò sí lójú ọ̀nà eré Èkó. Ẹ̀yìn Mile 12 ló wà téèyàn bá ń ti Kétu lọ sí Ìkòròdú, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Irin àlòkù, ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yà ara mọ́tò oríṣiríṣi ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ajórin, mẹkáníìkì, alábàárù, ìyá olóúnjẹ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló kún inú ọjà náà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹni tó ń ṣètò eré ìje bá ń wá olùkópa tuntun, irú àwọn èèyàn yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: wọ́n pọ̀, ara wọn le, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sì ń gbé. Síbẹ̀, ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè mú wọn jáde. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Àwọn tó gbé ètò kalẹ̀ ni kò rò wọ́n mọ́ ọn: wọn kò ro ọjọ́ tí ọwọ́ wọn dí, ọ̀nà tí wọn ì bá gbà débẹ̀, tàbí iye tó wà lápò wọn.

Láyé àtijọ́, òfin gan-an ló ń ti èèyàn sẹ́yìn. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin láti ọdún 1897, wọn kò gba obìnrin láàyè. Lọ́dún 1966, inú igbó kékeré tó wà lẹ́bàá ibi ìgbéra ni Bobbi Gibb sá pamọ́ sí kó tó bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kathrine Switzer fi “K. V. Switzer” forúkọ sílẹ̀, ọ̀gá kan níbi eré náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a mú lójú ọ̀nà pé kó jáde. Ọdún 1972 ni wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ní South Africa, Comrades Marathon ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1921, ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni wọ́n tó gba obìnrin àti aláwọ̀ dúdú láàyè láti sá a ní gbangba. Kódà níbi ìdíje Òlíńpíìkì, ọdún 1984, ní Los Angeles, ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ṣòro láti rí, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú ọjọ́ tí wọ́n mú, nínú ibi tí wọ́n ti ń gbéra, nínú fọ́ọ̀mù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, àti nínú wákàtí tí wọ́n máa ń ká gbogbo nǹkan kúrò nílẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ibi tí eré ń gbà. Lọ́dún 1970, inú ọgbà Central Park ni wọ́n ti sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin àkọ́kọ́ ní New York. Èèyàn 127 ló bẹ̀rẹ̀, 55 péré ló parí rẹ̀. Lọ́dún 1976, Fred Lebow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú eré náà jáde kúrò nínú ọgbà, wọ́n sì mú un gba ìpín márààrún tí ìlú náà ní: Staten Island, Brooklyn, Queens, Bronx àti Manhattan. Láti ìgbà náà ni eré yẹn ti di ọdún ìlú. Ẹni tí eré gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ́dún yìí lè bọ́ sójú ọ̀nà lọ́dún tó ń bọ̀, torí ó ti rí i pé àwọn tó ń sáré kò yàtọ̀ sí òun. Ẹni tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti ń rí i kò lè ní irú èrò bẹ́ẹ̀.

Fún ará Owódé Onírin, ìrìn àjò lọ sí Súrùlérè nìkan ti tó ìdí láti jókòó sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná ọ̀nà láti Mile 12 lọ sí CMS láti oṣù Kẹta ọdún 2008, wọ́n sì fà á dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, tó fi jẹ́ pé ó gba iwájú ọjà irin yìí kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ eré, títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà gan-an ni wọ́n ń tì. Ọ̀kadà náà kò sí láti fi dé ẹnu títì: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é ní Kòsọ́fẹ́. Ẹni tó bá ní mọ́tò tàbí tó lè sanwó táásì ní aago mẹ́rin ìdájí ló lè débẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Nítorí náà, eré kékeré tó súnmọ́lé lè ṣe ohun tí eré ńlá kò lè ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Paul Sinton-Hewitt kó èèyàn mẹ́tàlá jọ sínú ọgbà Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù láti sá kìlómítà 5. Ohun tó ti ibẹ̀ hù ni wọ́n ń pè ní parkrun lónìí. Láràárọ̀ Sátidé ni, ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì ń darí rẹ̀. Ó ti dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan South Africa láti ọdún 2011. Ó wà ní Peckham àti Burgess Park, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣe ilé. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ fún Kòsọ́fẹ́ kò ju pé eré tó ń wáyé nítòsí lóòrèkóòrè, tí kò la owó lọ, máa ń sọ ẹni tí kò sáré rí di asáré ní díẹ̀díẹ̀. Eré ọdọọdún tó jìnnà kì í fún un láyè láti gbìyànjú, kó kùnà, kó sì tún padà wá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló le jù. Sátidé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré ní Èkó máa ń mú, torí ọ́fíìsì kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ro bẹ́ẹ̀ ti pinnu ẹni tó fẹ́ kó wá, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ní ọjà, Sátidé ni owó ń wọlé. Ọjọ́ náà ni oníbàárà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ń ráyè wá wo ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ náà ni ìyá olóúnjẹ ń ta ìkòkò kejì. Tí ọ̀gá bá ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní aago méje, ibẹ̀ ló máa wà. Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Àwọn ọmọlẹ́yìn Kírísítì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì wà ní àsàlátù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé títì Èkó ṣófo ní òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá, nítorí ìséde ìmọ́tótó àyíká. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi àyè yẹn gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, òfin ìbáà fẹ́ ẹ tàbí kó má fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni ìjọba Èkó fagi lé ìséde náà, àyè ọ̀fẹ́ yẹn sì bá a lọ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ọjọ́ ìsinmi gbogboògbò, èyí tí àwọn ọlọ́jà fúnra wọn máa ń rọra lò. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, bá irú ọjà yìí mu púpọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, lè dà bíi pé ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ agbègbè náà kò ní mú un. Àkókò tí odò Ògùn máa ń kún nìyẹn. Tí wọ́n bá ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, ó máa ń ya bo Ajégúnlẹ̀, Owódé àti àwọn àdúgbò tó wà lẹ́bàá odò náà, àwọn èèyàn á sì máa fi ọkọ̀ ojú omi wọ ilé ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń ronú eré lásìkò bẹ́ẹ̀.

Gígùn eré àti àkókò tí wọ́n fún un tún jẹ́ ìdènà tí kì í hàn. Kìlómítà 42 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tí kò le jù, ìrìn kíákíá sì wà lára rẹ̀. Kìlómítà 5 tí èèyàn lè rìn dé òpin ti bá ìlànà yẹn mu. Àmọ́ kí olùṣètò eré tó ní ẹnikẹ́ni lè rìn, kó kọ́kọ́ dúró dè é. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2019, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ròyìn pé wọ́n ti ń fọ títì, wọ́n ti ń ká nǹkan kúrò nílẹ̀ níwájú àwọn, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bú àwọn nítorí bí àwọn ṣe sanra. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ tọrọ àforíjì, wọ́n sì wá fi àwọn kan sẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rìn. Parkrun ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́: olùyọ̀ǹda kan ló máa ń gba ipò ìkẹyìn, tí kò fi sí àlejò kankan tí ojú máa tì pé òun ló kẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ìyanu ló sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ eré kò tíì mú un lò.

Ọ̀rọ̀ ìlera tí wọ́n máa ń fi polówó eré kò sì bá gbogbo èèyàn mu. Alábàárù Mile 12 tó ti ru àpò iṣu àti apẹ̀rẹ̀ tòmátò láti ìdájí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó máa lo ara rẹ̀. Ẹni tó ń gbé férémù ọkọ̀ akẹ́rù bákan náà. Ohun tí eré lè fún irú wọn ni ayẹyẹ: ìlù, aṣọ, orúkọ wọn lẹ́nu agbóhùnsáfẹ́fẹ́, àti àǹfààní láti gba àárín títì tí mọ́tò ń lé wọn kúrò lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbé e wá bí oògùn, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Yorùbá kì í sábà dá nìkan lọ síbi ayẹyẹ. Ẹgbẹ́ ló ń mú wọn lọ. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, fi èyí hàn kedere. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń péjọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú regbéregbé, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ni púpọ̀ nínú wọn ń bá wá, tí oníkálukú wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Ọkùnrin ọlọ́gọ́ta ọdún tí kò ní gbà láti jó lójú títì lóun nìkan ti jó dé ààfin nítorí pé ojúgbà rẹ̀ ń jó. Fọ́ọ̀mù eré ìje, bó ṣe wà báyìí, ń bi èèyàn ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹbí. Tí ẹgbẹ́ àwọn onírin, ẹgbẹ́ àwọn ajórin, ẹgbẹ́ mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bá lè forúkọ sílẹ̀ lápapọ̀, tí ẹ̀bùn sì wà fún ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ dé òpin, alága ẹgbẹ́ á ṣe iṣẹ́ ìpolówó tí owó rédíò kò lè rà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Addis Ababa ti èrò yìí lẹ́yìn. Lọ́dún 2001 ni Haile Gebrselassie, gbajúmọ̀ asáré-ìje, dá Great Ethiopian Run sílẹ̀, eré kìlómítà 10. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló sá a lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n sì ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn báyìí. Ṣẹ́ẹ̀tì ni tíkẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá ra ṣẹ́ẹ̀tì ọdún náà ti forúkọ sílẹ̀, aṣọ kan náà ni gbogbo ìlú sì ń wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó yára gbéra níwájú, ogunlọ́gọ̀ ń kọrin, wọ́n ń jó bọ̀ lẹ́yìn. Yorùbá tó mọ aṣọ ẹbí kò nílò àlàyé lórí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Owó àti ìforúkọsílẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ìwé wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà fún ẹni tí kò ní dátà. Tí owó díẹ̀ bá wà láti san, kí wọ́n jẹ́ kó ṣeé dá díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ alájọ, bí wọ́n ti ń dá owó ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n má sì fi bàtà olówó ńlá ṣe àwòrán ìpolówó. Kánfáàsì lásán tó bá ẹsẹ̀ mu dáadáa tó láti rìn kìlómítà 5.

Fún àwọn obìnrin, àyè tiwọn nìkan ti ṣí ọ̀nà. Lagos Women Run, eré kìlómítà 10 fún obìnrin, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ọdún kan náà pẹ̀lú eré ńlá Èkó. Àwọn tó ń ṣe Great Ethiopian Run náà ní eré kìlómítà 5 tó jẹ́ ti obìnrin. Ohun tó ń dá obìnrin ọjà dúró kò ju mélòó kan lọ, ó sì ṣeé yanjú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọmọ ń múra, tí iná sì wà lábẹ́ ìkòkò. Tí ibi ìtọ́jú ọmọ kò bá sí níbi ìgbéra, ìyá ọlọ́mọ kò ní wá. Ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, tó ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì, ṣe pàtàkì ju àmì-ẹ̀yẹ lọ. Kò sì sí òfin eré kankan tó ní kí obìnrin wọ ṣòkòtò péńpé. Kí wọ́n sọ ọ́ síta pé híjáàbù, ìró àti búbá tàbí yẹ̀rì gígùn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí àwòrán ìpolówó sì fi irú wọn hàn.

Àwọn akàndá ẹ̀dá ní òfin lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọn lọ́dún 2011, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí èyí tó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ojú títì ni ìdánwò òfin wà. Boston ti ní ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ arọ parí eré rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ láti ọdún 1975, ìyẹn Bob Hall. Ní Kòsọ́fẹ́, kòtò tó wà lójú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà tí kò ní ìdérí àti àtẹ̀gùn tó wà níbi ìgbéra ni ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ máa kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tó ń wọn ọ̀nà eré gbọ́dọ̀ fi kẹ̀kẹ́ náà wọ̀n ọ́, kó má fi mọ́tò. Afọ́jú lè fi okùn kékeré so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti ẹni tó ń ṣamọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n sì jọ sáré. Kí orúkọ amọ̀nà náà wà nínú ìwé, kí òun náà sì gba àmì-ẹ̀yẹ. Adití kò gbọ́ ìbọn ìgbéra, àsíá ni kí wọ́n jù sókè pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkéde ní èdè kan ṣoṣo kò tó. Yorùbá, Haúsá àti pijin ni wọ́n ń ná ọjà ní Mile 12, torí náà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n fi kéde, lórí Radio Lagos 107.5 àti Bond FM 92.9, àti lẹ́nu ẹni tí ọlọ́jà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ títì tí wọ́n ń tì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọ̀nà Ìkòròdú ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátò àti ata bọ̀ láti Òkè Ọya ń gbà wọ Mile 12, ìdájí ni wọ́n sì ń dé. Tí wọ́n bá ti títì náà fún wákàtí mẹ́rin, ojú oòrùn ni tòmátò máa bàjẹ́ sí, ẹni tí eré fẹ́ fà mọ́ra ló sì máa sanwó rẹ̀. Àwọn kan lè dábàá pé kí wọ́n lo ojú ọ̀nà BRT tó wà láàárín, torí pé ó ti dá yàtọ̀ sí ti mọ́tò yòókù. Ó ṣeé ṣe ní ọjọ́ ìsinmi, fún wákàtí méjì péré, kí aago mẹ́jọ tó lù, bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà àti LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú títì Èkó, bá gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Ọ̀nà inú àdúgbò rọrùn jù, bí ó tilẹ̀ rí játijàti. Ibi yòówù kí wọ́n mú, ìpàdé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó máa gbé owó kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó báyìí, òdìkejì ni.

Ohun ìkẹyìn ni bí wọ́n ṣe ń ka èrè. Lọ́dún 2021, nígbà àrùn Kòrónà, èèyàn 300 péré ni eré ńlá Èkó gbà sójú ọ̀nà, wọ́n sì ṣì kà á sí eré nínú ìwé àgbáyé, torí àkókò àwọn tó ṣáájú ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Eré tó ń wá èèyàn tuntun ní láti kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀: iye àwọn tí kò sá irú rẹ̀ rí, àdúgbò tí wọ́n ti wá, iye obìnrin, iye akàndá ẹ̀dá, aago tí ẹni ìkẹyìn dé, àti iye àwọn tó padà wá lọ́dún kejì. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lè gba gbogbo rẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn kò yọjú ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè lórí fóònù, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tó dá wọn dúró, kí wọ́n tó mú ọjọ́ fún ọdún tó ń bọ̀.